Ìgbálẹ̀ Inú Irin: Ìṣirò Agbára Taiténíọ̀mù Tí A Fi Fáíbà Kún

Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi kọ́ni nípa irin tí a fi fáíbà kún. Mú agbára fáíbà, fi ìdá àyè tí fáíbà gbà sọ ọ́ di púpọ̀. Ṣe bákan náà fún irin tó yí i ká. Ro méjèèjì pọ̀, ó parí. Tó bá jẹ́ pé "báwo ni nǹkan yìí ṣe máa nà tó?" lò ń béèrè, ìlà yẹn á dá ọ lóhùn dáadáa. Tó bá di "ìgbà wo ló máa já?", irọ́ ló sábà máa ń pa, irọ́ ọ̀hún sì máa ń ga ju òótọ́ lọ. Ẹ jẹ́ ká mú ohun kan pàtó, ká ṣírò rẹ̀ látòkè délẹ̀, ká rí ibi tí irọ́ náà ti ń wọlé.

Ohun tí mo mú ni fáíbà SCS-6 nínú Ti-6Al-4V, ìyẹn taiténíọ̀mù tí a fi alumíníọ̀mù àti vanadium díẹ̀ pò. Wọ́n ti dán an wò gan-an, kò sì sí wàhálà irin oní-fáíbà kan tí kò sí lára rẹ̀.

SCS-6 kì í ṣe òwú rírọ̀. Ó dà bíi wáyà, ó sì nípọn tó 0.14 mm, bí irun orí méjì tí a tò síra wọn. Okùn carbon tín-ín-rín ló wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀; láti inú gáàsì gbígbóná ni wọ́n ti gbé silicon carbide lé okùn yẹn; wọ́n wá fi awọ carbon tó tó nǹkan bíi micron 3 (micron 1 ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún milimítà) bo òde rẹ̀. Má gbàgbé awọ òde yẹn, ọ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n á to fáíbà sáàárín pẹlẹbẹ taiténíọ̀mù, wọ́n á dí i sínú agolo tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n á sì fi iná bíi 900°C àti agbára gáàsì tẹ̀ ẹ́ mọ́ra títí yóò fi di ọ̀kan.

Àwọn nọ́ńbà tí a ó lò nìyí. Mọ́dúlọ́ọ̀sì fáíbà, ìyẹn ìwọ̀n agídí rẹ̀ sí nínà, jẹ́ 400 GPa. Agbára rẹ̀ ní ìpíndọ́gba jẹ́ 4,000 MPa nígbà tí a fa ẹyọ tó gùn ní 25 mm. Mọ́dúlọ́ọ̀sì taiténíọ̀mù jẹ́ 110 GPa, ó sì máa ń jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní nǹkan bíi 900 MPa, ìyẹn ni pé láti ibẹ̀ lọ, bó bá ti nà kò ní padà mọ́. Ìdá àyè fáíbà, Vf, jẹ́ 0.35. MPa 1 ni Newton 1 lórí milimítà onígun mẹ́rin 1; GPa 1 sì jẹ́ MPa 1,000. Tí o bá ń ronú ní Newton àti milimítà, ọwọ́ rẹ kò ní ṣì.

Nínà

E = 0.35 × 400 + 0.65 × 110 = 140 + 71.5 = 211.5 GPa.

Ìyẹn ni fún fífà ní ọ̀gbọọrọ fáíbà. Tí ìdánwò bá fi nọ́ńbà tó jìnnà sí èyí hàn, má ṣe tíì bú ìlà ìṣirò. Lọ wo Vf lẹ́ẹ̀kan sí i. Gé e ní ìbú, dán an títí yóò fi máa kọ mọ̀nà, ka fáíbà tó wà nínú àwòrán, sọ iye wọn di púpọ̀ pẹ̀lú àyè tí ojú fáíbà kan gbà (0.0154 mm²), kí o fi àyè tí gbogbo àwòrán gbà pín in. Ṣe é ní ibi márùn-ún ó kéré tán, nítorí fáíbà máa ń ṣùjọ síbì kan tí wọ́n á sì ṣá ibòmíràn tì. Tí Vf bá jẹ́ 0.33 dípò 0.35, mọ́dúlọ́ọ̀sì á fi nǹkan bíi 6 GPa dínkù, agbára á sì fi nǹkan bíi 60 MPa dínkù.

Jíjá, ọ̀nà tó yá

Fáíbà tó lè gbé 4,000 MPa tí mọ́dúlọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 400 GPa máa já nígbà tó bá fi 1% nà. Taiténíọ̀mù ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀ láti 0.82%, nítorí náà 900 MPa ló ń gbé nígbà tí fáíbà ń já. Ká ròó: 0.35 × 4,000 = 1,400; 0.65 × 900 = 585; àpapọ̀ 1,985 MPa.

Ohun tí irin ń gbé *ní àkókò tí fáíbà ń já* ni kí o fi sínú ìṣirò, kì í ṣe ohun tí irin lè gbé kóun fúnra rẹ̀ tó já. Ọ̀pọ̀ ni kì í ya méjèèjì sọ́tọ̀. Kelly àti Tyson ṣàlàyé rẹ̀ kedere ní 1965 pẹ̀lú wáyà tungsten nínú bàbà. Nínú taiténíọ̀mù ìyàtọ̀ náà kò pọ̀. Nínú bàbà tó rọ̀, tó máa ń le sí i bó ṣe ń nà, yóò gbé ọ ṣubú.

Tí wọ́n bá wá fa irú ohun yìí, nǹkan bíi 1,700 MPa ni wọ́n sábà máa ń rí. Tí ó bá ti pẹ́ nínú iná ní nǹkan bíi 900°C fún wákàtí méje, ó lè já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 1,430. Níbo ni ìyókù wà?

Ìgbálẹ̀

Àwọn àgbà máa ń fi ìgbálẹ̀ kọ́ ọmọ: ẹyọ ọwọ̀ kan, wẹ́rẹ́ ló máa ṣẹ́, tí a bá dì wọ́n pọ̀, kò sẹ́ni tó lè ṣẹ́ ẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìṣirò ní gbólóhùn kan tí àwọn àgbà kò fi kún un: ìgbálẹ̀ tó ní ọgọ́rùn-ún ẹyọ kò lè gbé ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ohun tí ẹyọ kan ń gbé ní ìpíndọ́gba. Èyí tó rẹ̀ jù á kọ́kọ́ já, ẹrù rẹ̀ á bọ́ sórí àwọn tó kù. Ìyẹn á já òmíràn tí ì bá ṣì ní okun díẹ̀ sí i. Nígbà tí ẹrù bá dé góńgó, púpọ̀ nínú àwọn tó lágbára jù kò tíì lo agbára wọn tán, àmọ́ wọn ò pọ̀ tó láti gbé gbogbo rẹ̀.

Daniels ló ṣe ìṣirò yìí ní 1945. Ohun tí a nílò láti lò ó ni nọ́ńbà tí Weibull ará Sweden fi sílẹ̀, tí à ń pè ní m: bí m bá ṣe kéré tó ni agbára fáíbà ṣe yàtọ̀ síra tó. Tí m bá jẹ́ 20, àpapọ̀ fáíbà tí a kàn dì pọ̀ máa gbé nǹkan bíi 84% ìpíndọ́gba ẹyọ kan. Tí m bá jẹ́ 10, 76%. Tí m bá jẹ́ 5, 65%. Kò sí fáíbà kankan tó bàjẹ́ o. Pé wọn kò dọ́gba nìkan ló gbé e lọ.

Nọ́ńbà m yìí kan náà ló ń sọ bí gígùn ṣe ń jẹ agbára, torí fáíbà gígùn ní àyè púpọ̀ tí àbùkù lè fara pamọ́ sí. Pẹ̀lú m = 10, agbára fáíbà tó gùn ní 250 mm máa fi 21% dínkù sí ti èyí tó gùn ní 25 mm. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé "agbára fáíbà yìí jẹ́ 4,000" tí kò sọ gígùn tó fà, kò tíì sọ nǹkan kan.

Láti rí m, fa fáíbà 30 ó kéré tán. 50 dára jù. Gé fèrèsé sínú káàdì, fi gúlúù lẹ fáíbà sórí rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, fi káàdì náà sẹ́nu ẹ̀rọ, kí o tó wá gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kó lè jẹ́ fáíbà nìkan ló ń gbé ẹrù. Wọn ìnípọn fáíbà kọ̀ọ̀kan, nítorí àṣìṣe 5% nínú ìnípọn máa di 10% nínú agbára. To àbájáde láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù, fún ti i nínú n ní P = (i − 0.5)/n, kí o ya ln(ln(1/(1−P))) sí ln agbára. Bí ìlà náà ṣe dagun sí ni m. Tí ìlà ọ̀hún bá ṣẹ́ sí méjì, irú àbùkù méjì ló wà nínú fáíbà rẹ, m kan ṣoṣo kò lè ṣojú wọn.

Má fa fáíbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ká a mọ́ nìkan. Fáíbà tó ti la iná àti ìtẹ̀ kọjá ni ó wà nínú ohun tí ò ń ṣírò. A máa ń yọ ọ́ jáde nípa fífi ásíìdì yọ́ irin kúrò lára rẹ̀. Ti taiténíọ̀mù, hydrofluoric acid ni, ásíìdì yẹn kò sì ṣeé fi ṣeré: ó máa ń wọ awọ ara lọ bá eegun, ìrora rẹ̀ sì lè má tètè yọjú. Ẹni tí kò bá ní yàrá ìdánwò tó pé, ìbọ̀wọ́ tó yẹ àti ìpara calcium gluconate nítòsí, kó jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a ṣe é.

Ó yá, ká lo m = 10. 76% (75.5% gan-an) ti 4,000 jẹ́ nǹkan bíi 3,020. 0.35 × 3,020 = 1,057. Tí a bá fi 585 taiténíọ̀mù kún un, ó di 1,640 MPa. Ó ti sún mọ́ òótọ́ ju 1,985 lọ.

Irin kì í jẹ́ kí fáíbà tó já sinmi

Ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ lásán kọ́ la ní. Tí ẹyọ ọwọ̀ kan bá já nínú ìgbálẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ ti parí. Tí fáíbà bá já nínú irin, irin á dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́; bí a ṣe ń jìnnà sí ojú ibi tó ti já, ẹrù á máa padà wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gígùn tó ṣe kókó níbẹ̀ ni: agbára fáíbà × ìnípọn rẹ̀ ÷ (2 × τ), níbi tí τ ti jẹ́ ohun tí ojú ìpàdé fáíbà àti irin lè dì mú kó tó yọ̀. Tí τ bá jẹ́ 100 MPa: 4,000 × 0.14 ÷ 200 = 2.8 mm. Fáíbà kan lè já lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nínú ọ̀pá tó gùn ní 250 mm kó ṣì máa bá wa gbé ẹrù.

Curtin ló kó gbogbo èyí sínú ìlà kan ní 1991. Agbára àbùdá ni a kọ́kọ́ ń wá: σch = (σ0^m × τ × L0 ÷ r)^(1/(m+1)), níbi tí r ti jẹ́ ìdajì ìnípọn fáíbà, tí σ0 sì jẹ́ agbára Weibull ní gígùn L0. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa, σ0 jẹ́ 4,204 (ìpíndọ́gba 4,000 ÷ 0.9514, nọ́ńbà tó bá m = 10 mu), L0 jẹ́ 25 mm, r jẹ́ 0.07 mm, σch á wá jẹ́ nǹkan bíi 5,107 MPa. Ohun tí fáíbà ń gbé ní góńgó ni σch × (2/(m+2))^(1/(m+1)) × (m+1)/(m+2), tó jẹ́ nǹkan bíi 3,980. Fi 0.35 sọ ọ́ di púpọ̀, fi 585 kún un: nǹkan bíi 1,980 MPa.

Ẹ̀rín lè pa èèyàn: gbogbo ìrìn àjò yìí, a tún padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀! Àmọ́ àkọsẹ̀bá ni. Ká ní 100 mm la fa fáíbà kan náà dípò 25 mm, ìpíndọ́gba rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bíi 3,480, ìlà àkọ́kọ́ á wá sọ pé 1,800. Ti Curtin kò ní kúrò níbi tó wà, torí inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gígùn ti yanjú. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Kí ló dé tí òun náà ga ju 1,700 lọ? Ìdí kan ni pé ó gbà pé gbogbo fáíbà ló ń pín ẹrù èyí tó já ní dọ́gbadọ́gba. Nínú taiténíọ̀mù, aládùúgbò ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù, òun ló sì máa tẹ̀ lé e. Ìdí kejì ni 4,000 tí a lò, tó jẹ́ ti fáíbà orí kẹ̀kẹ́. Ìdí kẹta ni àwọn fáíbà tó fara kan ara wọn láìsí irin láàárín. Ohun tí mo máa ń dámọ̀ràn ni kí a ṣe ìṣirò méjèèjì, ti ìgbálẹ̀ àti ti Curtin, kí a mú èyí tó kéré fún yíya ẹ̀rọ. Tí ìdánwò bá já sábẹ́ méjèèjì, inú iná tàbí ìtẹ̀ ni kí o ti wá àbùkù, kì í ṣe inú ìṣirò.

Ẹrù tó ti wà níbẹ̀

Bí ohun náà bá ń tutù láti inú iná, taiténíọ̀mù máa ń sún kì ní nǹkan bí ìlọ́po méjì fáíbà: 9.5 sí 4.8, nínú mílíọ̀nù, fún ìwọ̀n 1°C kọ̀ọ̀kan. Fáíbà kò jẹ́ kó sún kì tó bó ṣe fẹ́. Nítorí náà irin wà ní fífà, fáíbà wà ní títẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹrù kankan lé e.

Mélòó ni? Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti 700°C sílẹ̀, kì í ṣe láti 900, torí pé lókè níbẹ̀ taiténíọ̀mù ṣì ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, kò lè di ẹrù mú. Láti ibẹ̀ dé 25°C inú yàrá, 4.7 × 675 nínú mílíọ̀nù jẹ́ 0.32%. Tí a bá pín in sáàárín méjèèjì bí agídí wọn ṣe tó, irin ń gbé nǹkan bíi 230 MPa ní fífà, fáíbà sì ń gbé nǹkan bíi 430 MPa ní títẹ̀.

Ó dájú pé wàá rò pé èyí á gé agbára kù. Ní ọ̀gbọọrọ fáíbà, kò fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Irin kò lè gbé ju 900 lọ bó ti wù kó rí, yóò kàn yá dé ibẹ̀ ni. Fáíbà tó bẹ̀rẹ̀ láti inú títẹ̀ tilẹ̀ á fi 0.1% nà sí i kó tó já. Ohun tó yí padà ni igun tó wà lára ìlà nínà: dípò kí taiténíọ̀mù jọ̀wọ́ ara rẹ̀ nígbà tí ẹrù lórí àpapọ̀ jẹ́ 1,730 MPa, nǹkan bíi 1,300 ló ti máa ṣẹlẹ̀. Fún ẹ̀rọ tó ń yí lọ yí bọ̀, tí ẹrù ń lọ tó ń bọ̀ lórí rẹ̀, igun yẹn ṣe pàtàkì ju góńgó lọ.

Ní ìbú, ọ̀rọ̀ mìíràn ni

Awọ carbon òde yẹn, bí awọ ẹ̀pà ló rí: ó wà lára, kò lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Ó wúlò, torí òun ni kì í jẹ́ kí taiténíọ̀mù jẹ fáíbà nínú iná. Taiténíọ̀mù máa ń di carbide àti silicide tó rọrùn láti fọ́ tó bá kan silicon carbide lójúkojú. Òun náà ló máa ń yí ojú ọ̀nà fún ìlà fífọ́ tó bá ń bọ̀ láti inú irin. Ṣùgbọ́n tí a bá fa ohun náà ní ìbú, ohun tó di fáíbà mú kò ju pé irin fún un lọ́rùn nígbà tó ń tutù. Bí ẹrù bá ti ṣẹ́gun ìfúnlọ́rùn yẹn, fáíbà á di ihò.

Nítorí náà ṣírò rẹ̀ bí ihò. Tí fáíbà bá tò ní onígun mẹ́rin, irin tó kù láàárín ihò méjì ní ibi tó tín-ín-rín jù jẹ́ 1 − √(4 × 0.35 ÷ 3.1416) = 0.33. Sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 900, kí o tún fi 1.155 sọ ọ́ di púpọ̀ torí pé irin náà kò lè sún kì ní ọ̀gbọọrọ fáíbà: nǹkan bíi 345 MPa. Kò tó ìdajì taiténíọ̀mù lásán! Ẹni tó bá fẹ́ lo irú irin yìí níbi tí ẹrù ti ń wá láti ọ̀nà méjì, kó tún un rò.

Fáíbà kéékèèké ni tiwọn lọ́tọ̀. Orí písítìn diesel tí Toyota gbé jáde ní 1983, tí wọ́n fi fáíbà alumina kún alumíníọ̀mù, fáíbà rẹ̀ tín-ín-rín tó micron 3. Gígùn tó ṣe kókó fún un kò ju nǹkan bíi 0.03 mm lọ, ìdí nìyẹn tí fáíbà tí kò gùn tó milimítà kan fi lè ṣiṣẹ́. Àmọ́ torí pé wọ́n dojú kọ ibi gbogbo, ìdá 3/8 péré ni agídí wọn ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà kan tí wọ́n bá tò sórí pẹpẹ, 1/5 tí wọ́n bá dojú kọ òkè náà. Eérú èèpo ìrẹsì nínú alumíníọ̀mù, irú èyí tí wọ́n ń ṣèwádìí lé lórí ní FUTA ní Àkúrẹ́, kì í ṣe fáíbà rárá. Má gbé ìlà kankan nínú àwọn wọ̀nyí lọ bá a.

Tí o bá gbé e wọ kọ̀ǹpútà

Lẹ́yìn tí o bá ti fọwọ́ ṣe gbogbo èyí ni finite element, ìyẹn ìṣirò kọ̀ǹpútà tó ń pín nǹkan sí ègé kéékèèké, tó wúlò, torí wàá ti mọ ibi tó yẹ kí ìdáhùn wà. Ya fáíbà kan àti irin tó yí i ká, jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan máa tẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ ọ́, bí ẹni pé àwòrán náà ń tún ara rẹ̀ ṣe láìlópin. Tutù ú láti 700°C kọ́kọ́, kó o tó fà á. Fi àwọ̀n tó wẹ́ sí ojú ìpàdé, ó kéré tán ipele mẹ́ta nínú awọ carbon tí o bá yà á.

Abaqus, ọ̀kan lára àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe irú ìṣirò yìí, kò mọ ìdiwọ̀n kankan. Tí o bá kọ 400 fún mọ́dúlọ́ọ̀sì nígbà tí ìyókù wà ní Newton àti milimítà, yóò gbà á, yóò sì fún ọ ní ìdáhùn aláràbarà. 400000 ni kí o kọ. Ẹ̀tàn kejì wà nínú ìwọ̀n ìsúnkì. Láti ìwọ̀n ooru kan pàtó, tó sábà máa ń jẹ́ ti inú yàrá, ni àwọn ìwé ti máa ń ṣe ìpíndọ́gba rẹ̀. Tí nọ́ńbà rẹ bá ń yí padà pẹ̀lú ooru tí o kò sì sọ ìwọ̀n ooru ìbẹ̀rẹ̀ yẹn fún Abaqus níbi tó ń pè ní ZERO, odo ni yóò mú, ẹrù ìtutù rẹ á sì ṣì láìsí ìkìlọ̀ kankan. Ẹ̀kẹta ni igun àwòrán: tí o bá so ojú kan náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹrù èké á yọ ní igun, wàá sì rò pé ibẹ̀ ni irin ti ń fọ́.

Kí o tó gba ìdáhùn kankan gbọ́, fún fáíbà ní nọ́ńbà taiténíọ̀mù kí o fà á. Gbogbo àwòrán gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo. Tí àmì kan bá yọ níbikíbi, bí o ṣe so ẹ̀gbẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ló ṣì. Lẹ́yìn náà dá nọ́ńbà fáíbà padà, mú ìtutù kúrò, fà á ní ọ̀gbọọrọ fún 0.1%: 211.5 MPa ni kí o rí, tàbí díẹ̀ lé e.